Bí a ṣe ń jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ dìde, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀

Kò sí ìlú etí omi kan nílẹ̀ Yorùbá, láti Bàdágírì dé Ẹ̀pẹ́, títí kan àwọn abúlé Ìlàjẹ, tí wọn kò ti mọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi. Òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àjẹ̀ àti ọ̀pá ìtukọ̀. Nínú ilé mìíràn, ẹ ó rí ọ̀kan tó ti dàgbà níbi tó fara ti ògiri lẹ́yìnkùlé, tó ti dógùn-ún, tí adìẹ ń yé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì sọ fún yín pé ti bàbá àwọn ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kódà èyí tí wọ́n ṣe ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, lè padà ṣiṣẹ́. Irin rẹ̀ nípọn, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ tí mẹkáníìkì yóò máa bẹ̀. Ohun tó sábà máa ń gbẹ̀mí rẹ̀ ni ìwàǹwára ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹ́ jí i dìde á da epo sí i, á di okùn mú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á láìtíì wo inú rẹ̀. Bí omi tàbí ìdógùn-ún bá wà nínú sìlíńdà, ibẹ̀ ni písítìnnì yóò ti ha, irin tó ṣeé lò yóò sì di àlòkù pátápátá. Nítorí náà, nínú ètò tí a fẹ́ là sílẹ̀ yìí, okùn fífà ló máa kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì yìí ti wá, nítorí ìtàn rẹ̀ ló máa sọ bóyá a lè rí ohun èlò rẹ̀ rà. Ní Amẹ́ríkà ni òwò náà ti gbilẹ̀. Cameron Waterman ti ń ta irú rẹ̀ kó tó di ọdún 1909, ṣùgbọ́n Ole Evinrude ló sọ ọ́ di ohun tí ayé ń rà. Ilẹ̀ Norway ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí ní ọdún 1877, àwọn òbí rẹ̀ sì kó o wá sí ìpínlẹ̀ Wisconsin nígbà tó wà ní kékeré. Ní ọdún 1909, ní ìlú Milwaukee, ó gbé ẹ́ńjìnnì kan sọ́jà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin kan àti ààbọ̀, tó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 28. Ìyàwó rẹ̀, Bess, ló ń bójú tó ìpolówó àti ọ̀rọ̀ owó, àwọn tó mọ ìtàn náà kì í sì í yọ ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìyá kan tó ń jẹ́ Johnson náà gbé tiwọn dé, nígbà tó sì di ọdún 1936, Johnson àti Evinrude ti wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí a wá mọ̀ sí OMC.

Gbèsè gbé OMC ṣubú ní oṣù Kejìlá ọdún 2000. Ilé-iṣẹ́ Bombardier ti ilẹ̀ Kánádà ra orúkọ méjèèjì ní ọdún 2001. Johnson kò pẹ́ tó fi kógbá sílé, ní ọdún 2020 sì ni wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe Evinrude mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. OMC ta ẹ́ńjìnnì púpọ̀, wọn kì í sì í yí inú rẹ̀ padà lọ́dọọdún. Kọ́ìlì kan náà ni wọ́n lò nínú oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 títí wọ inú àwọn ọdún 1970, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi ṣì ń ṣe irú rẹ̀ tà títí di òní. Ẹgbẹ́ kan tún wà ní Amẹ́ríkà, Antique Outboard Motor Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1965, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa jí irú ẹ́ńjìnnì yìí dìde lọ.

Johnson alágbára ẹṣin 10, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà QD, ni a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1949 ló jáde, ó sì ní gíà tó ń lọ síwájú, tó ń dúró, tó sì ń padà sẹ́yìn, táńkì epo rẹ̀ sì dá dúró nínú ọkọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré nígbà náà. Ohunkóhun tí ẹ bá ní lọ́wọ́, ẹ wá irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, kí ẹ kà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí pé orúkọ "Johnson" nìkan kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ta ohun èlò.

Bí ẹ bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" rí, ẹ ti mọ bí ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ní ibi tí ọ́ìlì tirẹ̀ ń gbé. Inú epo bẹntiróò ni a ń po ọ́ìlì mọ́, epo yẹn náà ló sì ń fi ra gbogbo irin inú rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ohun mẹ́ta ló nílò láti jí: ìfúnpọ̀, iná, àti epo. Ohun kẹrin ni omi tó ń tù ú lára, èyí tí kò nílò láti fi jí ṣùgbọ́n tí kò lè ṣe láìsí i bó bá ti jí. Òun gan-an ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì kúrò, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò wọn. Ẹ kán ọ́ìlì tó ń yọ irin tó ti há sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú fíláwíìlì, ìyẹn irin róbótó ńlá tó wà lókè, kí ẹ rọra yí i sí ibi tí okùn máa ń fà á sí. Bó bá yí, ẹ ṣe ọpẹ́. Bí kò bá yí, ẹ tún kán ọ́ìlì sí i kí ẹ sì dúró, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Òòlù kò sí nínú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe okùn la fi ń tú písítìnnì tó há.

Nígbà tó bá ti ń yí dáadáa, ẹ wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Gééjì tí mẹkáníìkì mọ́tò ń lò tó fún èyí. Ohun tí ẹ ń wá ni kí sìlíńdà méjèèjì sún mọ́ ara wọn, kí ìyàtọ̀ má ju ìdá mẹ́wàá lọ. Bí ọ̀kan bá kéré jìnnà sí èkejì, ó lè jẹ́ ríìngì ló há nínú èédú, ó sì lè jẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì orí ló jó. Bí ara písítìnnì bá ti ha tó sì jinlẹ̀, ẹ ṣírò owó náà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Lójú tèmi, ibí nìkan ni ó ti yẹ kí ènìyàn jọ̀wọ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kó sì sọ ọ́ di ohun èlò fún òmíràn.

Omi ló kàn. Nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, lókè ibi tí gíà wà, rọ́bà kékeré kan wà tó ní ìyẹ́ yí ká. Ìmpẹ́là ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fa omi odò gòkè lọ sí ara sìlíńdà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó fún ọdún púpọ̀, rọ́bà yìí á le bí igi, ìyẹ́ rẹ̀ á ká sí ibi tó wà, á sì máa yí lásán láìfa omi. Ẹ má wò ó pé ó ṣì dára lójú. Ẹ tú ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó sìlíńdà. Bí ìyẹ́ kan bá ti já kúrò lára ti àtijọ́, ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i, torí inú ọ̀nà omi ló sá lọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti dí tuntun lọ́nà.

Ohun kan wà tó ń ṣi àwọn awakọ̀ omi wa lọ́nà nípa Johnson àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì òde òní máa ń ní ihò kékeré tí omi ń tú jáde bí ìtọ̀ ọmọdé, tí awakọ̀ fi ń mọ̀ pé omi ń gòkè. Johnson àti Evinrude ti àwọn ọdún 1950 kò ní i. Ìkùukùu omi tó dà pọ̀ mọ́ èéfín, tó ń jáde láti ihò ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, nìkan ni ẹ ó rí. Nítorí náà, ẹ kọ́ bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ kán omi díẹ̀ sí orí sìlíńdà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá ho ṣáà lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà kíá.

Ti iná kò le tó bí àwọn kan ṣe ń rò. Abẹ́ fíláwíìlì ló wà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì àárín, kí ẹ lo irin ìfàyọ láti fi gbé fíláwíìlì sókè. Àwọn tó ń fi òòlù lu orí kíráńkì kí fíláwíìlì lè fò sókè ti ba ohun rere púpọ̀ jẹ́. Bí ó bá ti kúrò, ẹ ó rí kọ́ìlì méjì, kọ́ńtáàtì méjì àti kọ̀ńdẹ́ńsà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì OMC ayé ìgbà náà máa ń sán lára, ẹ ó rí ilà bíi ti ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó bá ti sán, ẹ má ronú lé e lórí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ nu ojú kọ́ńtáàtì mọ́, kí ẹ fi ìwé funfun tó mọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá láti kó ọ̀rá kúrò, kí ẹ sì wọn àlàfo rẹ̀ níbi tó ti ṣí jù: mìlímítà 0.5 ló yẹ kó jẹ́. Ti ẹnu púlọ́ọ̀gì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.75. Nígbà tí ẹ bá dán an wò, iná tó dára gbọ́dọ̀ lè fo àlàfo tó tó mìlímítà 6 nínú afẹ́fẹ́, kó sì pọ́n búlúù. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń fo díẹ̀díẹ̀ kò ní lè jí ẹ́ńjìnnì nínú òtútù.

Epo ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ tú kabúrétọ̀ palẹ̀, nítorí epo tó ti gbẹ sínú rẹ̀ máa ń di gọ́ọ̀mù tó ń dí àwọn ihò kéékèèké. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì fi wáyà líle gún wọn kí wọ́n má baà fẹ̀. Ohun tó ń léfòó nínú kabúrétọ̀ àtijọ́, irú igi fúyẹ́ tí wọ́n fi ń dí ìgò wáìnì ni wọ́n fi ṣe é. Ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróò ní àwọn orílẹ̀-èdè bí Amẹ́ríkà, tó tó ìdá mẹ́wàá, máa ń bó ọ̀dà tó wà lára rẹ̀, igi náà á mu epo, á sì rì. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà lókè òkun, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Táńkì Johnson 10 ti ìgbà náà ní ewu tirẹ̀. Rọ́bà méjì tó so pọ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì: ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ́ńjìnnì wá sínú táńkì, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń ti epo gba inú èkejì padà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ́ọ̀mpù rọ́pò rẹ̀. Bí rọ́bà yìí tàbí gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí bá sán, epo tí afẹ́fẹ́ ń tì yóò fọ́n sórí irin gbígbóná. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà rẹ̀ láìku ọ̀kan, kí ẹ sì máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó ṣí ìdérí. Àwọn mìíràn ti so pọ́ọ̀mpù epo mọ́ ọn, wọ́n sì ń lo táńkì òde òní. Èmi fara mọ́ ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn tó fẹ́ kí ohun gbogbo rí bó ṣe wà ní 1950 kò ní dùn sí i.

Ní ti pípo ọ́ìlì: Johnson àti Evinrude tó ṣáájú ọdún 1964 ń fẹ́ lítà 1 ọ́ìlì sí lítà 24 epo. Ẹ̀yin tó ń gbé epo nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ da lítà kan ó lé díẹ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì tó dé lẹ́yìn náà ń fẹ́ lítà 1 sí 50, ìyẹn ìdajì lítà sí kẹ́ẹ̀gì kan náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n á gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì tuntun, wọ́n á sì fi í fún ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ irin inú ti àtijọ́ kò lè rọ́kú lórí ìwọ̀nba ọ́ìlì bẹ́ẹ̀. British Seagull ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1996, tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ti ìgbà ìṣáájú nínú wọn ń gba lítà 1 sí 10. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì ojú omi, ni kí ẹ rà. Ọ́ìlì mọ́tò kò jẹ́ ti ibí.

Ẹ tú ọ́ìlì gíà sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bó bá funfun bí omi ẹ̀kọ, omi ti wọlé, ọ́ìlì síìlì sì gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀. Ẹ fara balẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ ìdérí ọ́ìlì, nítorí lára ọ̀pọ̀ Johnson àti Evinrude, ìdè kan wà nítòsí rẹ̀ tó di apá gíà mú nínú. Bí ẹ bá tú u, ohun inú gíà yóò yẹ̀, àfi kí ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Lára abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lọ, píìnì kékeré kan wà tí wọ́n ṣe kó máa dá nígbà tí abẹ̀bẹ̀ bá gbá kùkùté, kí gíà má baà fọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dá. Àwọn tó ń fi ìṣó rọ́pò rẹ̀ ń fi gíà wọn ta tẹ́tẹ́. Ẹ ní píìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, pẹ̀lú ohun tí ẹ ó fi tú u.

Ọ̀dà kíkùn lè dúró. Àwọn kan máa ń kun ẹ́ńjìnnì kó tó jí, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ á sì parí sí.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni kí ẹ tó dá ọwọ́ lé okùn. Ẹ so ẹ́ńjìnnì mọ́ dúrọ́ọ̀mù tó kún fún omi, kí omi náà bo ibi tí ìmpẹ́là wà, kí ó sì jẹ́ ìta gbangba, torí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn nínú yàrá. Gíà gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró. Láìsí omi, ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rárá, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á kí ẹ wo púlọ́ọ̀gì. Àwọ̀ ilẹ̀ dára. Dúdú tó tutù fi hàn pé epo ti pọ̀ jù tàbí pé iná kò dé ibẹ̀. Funfun báláú ni kí ẹ bẹ̀rù, epo kò tó, ooru sì ti pọ̀.

Ní ti ìtọ́jú, omi ọ̀sà Èkó ní ìwà méjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọlé, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀. Nígbà òjò, omi odò á borí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́. Nítorí ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ sọ ọ́ di àṣà láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù omi kànga lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí iyọ̀ má baà jẹ aluminíọ́mù rẹ̀ láti inú. Nígbà òjò, gbéborùn ni ọ̀tá. Ewéko yìí á lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀, á sì dí ihò omi. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó na ọwọ́ sí i.

Bí ẹ́ńjìnnì bá já sínú omi, tí ẹ sì rí i gbé jáde, ẹ má gbé e sínú oòrùn kó gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìdógùn-ún. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an: ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ da omi inú rẹ̀ jáde, ẹ bu ọ́ìlì sí i. Bí kò bá ṣeé ṣe lójú ẹsẹ̀, ó sàn kí ẹ rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi tó mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi dé.

Ẹ má retí pé ẹ́ńjìnnì yìí yóò máa bá yín ṣòwò. Nínú irú ẹ́ńjìnnì alọ́ìlì-nínú-epo ti àtijọ́, epo tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń jáde láìjó, ara ìdí tí àjọ EPA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ṣe òfin lé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lórí ní ọdún 1996 nìyẹn. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó irú ìfiṣòfò yẹn kò kéré mọ́ ní Nàìjíríà. Kó èrò ni ẹ má sì fi í ṣe rárá. Àjọ NIWA àti LASWA ń kìlọ̀ léraléra nípa ìrìn òru àti àìwọ láífùjákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀ ṣeré, kó ṣe é lọ́sàn-án, nítòsí èbúté, kó wọ láífùjákẹ́ẹ̀tì, kó sì mú àjẹ̀ méjì dání.

Bí yóò bá jókòó ju oṣù kan lọ, ẹ fa rọ́bà epo kúrò kí ẹ jẹ́ kó jó epo inú kabúrétọ̀ tán nínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ kán ọ́ìlì sínú sìlíńdà, kí ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì gíà nígbà náà gan-an, kí omi tó bá wà níbẹ̀ má baà sùn sínú rẹ̀. Ẹ gbé e dúró lórí igi, kí orí wà lókè, kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, torí bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, omi tó kù nínú ẹsẹ̀ lè ṣàn padà wọ sìlíńdà. Lóṣooṣù, ẹ fi ọwọ́ yí fíláwíìlì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, sí apá ibi tí okùn ń fà á sí nìkan, nítorí bí ẹ bá yí i sẹ́yìn, ìyẹ́ ìmpẹ́là tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yóò ká sí òdì kejì.